Kúẹ̀rì kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin: báwo ni mo ṣe lè fi èsì rẹ̀ pamọ́ fúngbà díẹ̀?

Ará Mọ́kọ́lá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. PostgreSQL 15, ètò dátábéèsì, ni mò ń lò. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, Dùgbẹ̀, Bódìjà àti Chàlẹ́ńjì, ló ń kó títà sínú dátábéèsì kan. Tóṣù bá parí, ìjábọ̀ mẹ́rin ni mò ń yọ, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ da tábìlì `tita` pọ̀ mọ́ tábìlì `oja` kó tó ṣírò tirẹ̀. Ìdàpọ̀ yẹn nìkan ń gba ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Mo fẹ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan, kí n máa bù nínú èsì ọ̀hún. Mo lo WITH, tó ń fún èsì lórúkọ, àmọ́ kúẹ̀rì (ìbéèrè sí dátábéèsì) kejì ní òun ò mọ orúkọ yẹn rí.

Ọmọ Òjé:
Àbúrò, WITH kì í kọjá gbólóhùn kan. Bí semicolon bá ti dé, ó tán nìyẹn. Tábìlì onígbà díẹ̀ lò ń wá. Òun máa ń wà títí session (àkókò tí o fi so mọ́ dátábéèsì) á fi parí:

```
CREATE TEMP TABLE osu_yii AS
SELECT t.eka, t.ojo, o.iru, t.iye, t.owo
FROM tita t JOIN oja o ON o.id = t.oja_id
WHERE t.ojo >= '2025-01-01'
  AND t.ojo < '2025-02-01';
ANALYZE osu_yii;
```

Má fo ANALYZE yẹn o, òun ló ń ka bí dátà inú tábìlì ṣe rí. Autovacuum, iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ tó ń bá wa ṣe é fáwọn tábìlì yòókù kò lè débẹ̀, torí session tó dá tábìlì náà nìkan ló ni ín. Láìsí i, planner, tó ń yan ọ̀nà tí kúẹ̀rì máa gbà, á kàn máa fojú bu iye ìlà, ó sì lè mú nested loop níbi tí hash join ì bá ti yá (ọ̀nà ìdàpọ̀ tábìlì ni méjèèjì). Fi EXPLAIN ANALYZE, tó ń fi ọ̀nà tí planner yàn hàn, wò ó: `rows` méjì ló wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, èyí tó fojú bù àti èyí tó bá níbẹ̀. Bí wọ́n bá jìnnà síra gan-an, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Ní ti index, atọ́ka tó ń jẹ́ kí wíwá ìlà yá, bí ìjábọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ń ka gbogbo tábìlì náà, àkókò lásán lo máa fi ṣòfò.

Ará Mọ́kọ́lá:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ó ṣiṣẹ́ nínú psql, níbi tí mo ti ń tẹ àṣẹ fúnra mi. Ṣùgbọ́n nínú app, nígbà mìíràn á ní `relation "osu_yii" does not exist`, nígbà mìíràn á tún ní `already exists`.

Ìyá Ìbejì, Bódìjà:
Ọmọ mi, pool, àkójọ connection tí app ń pín lò, ni kí o lọ wò. Bí PgBouncer, ètò tó ń bójú tó pool, bá wà láàárín, tí `pool_mode` rẹ̀ sì jẹ́ `transaction`, connection tó dá tábìlì lè má jẹ́ èyí tí ìjábọ̀ kejì bọ́ sí. Ìyẹn ni kò fi rí i. Ìgbà tó bá sì padà bọ́ sórí ti àkọ́kọ́, á bá tábìlì àná níbẹ̀. Fi gbogbo rẹ̀ sínú transaction kan (àwọn àṣẹ tí a dì pọ̀ láti BEGIN dé COMMIT):

```
BEGIN;
CREATE TEMP TABLE osu_yii
ON COMMIT DROP AS
SELECT ... ;
ANALYZE osu_yii;
-- ìjábọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
COMMIT;
```

Bí o bá gbàgbé BEGIN, bí wọ́n ṣe ń dá tábìlì náà tán ni wọ́n á pa á rẹ́.

Ọmọ Òjé:
Òótọ́ ni màmá sọ. Ẹ jẹ́ n fi `temp_buffers`, ìwọ̀n RAM tí session lè lò fún tábìlì onígbà díẹ̀, kún un. 8MB ló máa ń jẹ́ látilẹ̀. Bí èsì rẹ bá tóbi, kọ `SET temp_buffers = '64MB';` kí o tó fọwọ́ kan tábìlì onígbà díẹ̀ kankan nínú session náà; lẹ́yìn ìyẹn, kò ní gbà mọ́. Má gbé e sínú `postgresql.conf`, torí session kọ̀ọ̀kan ló lè gba tirẹ̀, RAM á sì tán.

Ará Agodi:
Bó bá jẹ́ pé akọ̀wé ṣọ́ọ̀bù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà fẹ́ máa wo èsì yìí, tábìlì onígbà díẹ̀ kò ní ràn yín lọ́wọ́, torí ẹlòmíì kò lè rí i. Bí iná bá sì lọ tí server kú, ó lọ nìyẹn. Ẹ lo materialized view, èsì kúẹ̀rì tí a fi pamọ́ sínú dátábéèsì, tí REFRESH ń sọ dọ̀tun. REFRESH lásán máa ń dá àwọn tó ń kà á dúró. CONCURRENTLY kì í ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ní unique index (èyí tí kì í gba iye kan náà lẹ́ẹ̀mejì), nítorí náà ẹ fi `id` títà kún àwọn ohun tí ẹ yàn. Títà tó bá wọlé lẹ́yìn REFRESH kò ní hàn, ẹ jẹ́ káwọn akọ̀wé mọ̀.

Ará Mọ́kọ́lá:
Èmi nìkan ló ń yọ ọ́, ẹ̀gbọ́n. Ti màmá ni mo lò, `already exists` ò yọjú mọ́. Ẹ ṣeun, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín.