Ìjọba akẹ́kọ̀ọ́ kẹ̀? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá ẹni tó ni àṣẹ

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Àbúrò wa tó ń túmọ̀ ìwé pélébé kan fún àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Yunifásítì Ìbàdàn kó ọ̀rọ̀ mẹ́fà tó fi ṣàlàyé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ síwájú wa lọ́sẹ̀ tó kọjá: "ìjọba akẹ́kọ̀ọ́", "ilé aṣòfin akẹ́kọ̀ọ́", "ìgbìmọ̀ aláṣẹ", "gbọ̀ngàn" fún ilé tí akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn, "ìdádúró", àti "ìjàǹgbara". Ẹ̀gbọ́n wa ní Bódìjà ti fọwọ́ sí gbogbo rẹ̀, wọ́n ní ó dùn ún gbọ́. Kí ẹ̀gbọ́n má bínú sí mi. Ó dùn ún gbọ́ lóòótọ́, àmọ́ ọmọ tó bá fi ìwé yẹn mọ bí ọgbà náà ṣe ń rìn yóò ṣìnà ní ọjọ́ kìíní.

"Ìjọba" ni mo fẹ́ dì mú jù. Jíjẹ ọba ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. A ti nà án dé ọ̀dọ̀ gómìnà àti alága ìbílẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá wa jà, torí àwọn yẹn ń gba owó orí, wọ́n ń ṣe òfin tí adájọ́ máa tẹ̀lé, wọ́n sì lè rán ọlọ́pàá sí ọ. Èwo ni akẹ́kọ̀ọ́ ní nínú ìyẹn? Ní 2017, lẹ́yìn ìwọ́de lórí ọ̀rọ̀ káàdì ìdánimọ̀, àwọn aláṣẹ yunifásítì dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ dúró. Ìjọba wo lẹ́ ti rí rí tí ẹlòmíràn ń kọ lẹ́tà sí pé kó lọ jókòó sílé ná?

Mo mọ ibi tí àbúrò ti mú un. Ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà ló wà níwájú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn lóòótọ́, ìjọba ni wọ́n ń pè é: akẹ́kọ̀ọ́ á dìbò yan ààrẹ àti sẹ́nétọ̀, àwọn yẹn á sì jókòó pín nínú owó tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san fún àwọn ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ẹgbẹ́ akọrin, àti irú wọn. Ti Ìbàdàn kò gba ọ̀nà ibẹ̀ wá. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ́nù ni kọ́lẹ́ẹ̀jì náà wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1948, 1962 ló tó dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì gbé wá ni yúníọ̀n. Bí ẹ bá dúró ní géètì ọgbà lónìí, ẹ bi ọmọ tó ń sáré lọ kíláàsì pé níbo ni ìjọba wà, Agodi, níbi tí ọ́fíìsì gómìnà wà, ló máa júwe fún yín. Ẹ bi í pé níbo ni yúníọ̀n wà, á fi ìka hàn yín.

Bí a bá fẹ́ pe yúníọ̀n ní Yorùbá, "ẹgbẹ́" tó ó sọ, ó tiẹ̀ ṣẹ́kù. Ẹgbẹ́ Yorùbá láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ní olórí, ó ní akápò, ó ní owó ẹgbẹ́, ó ní owó ìtanràn fún ẹni tó pẹ́ dé ìpàdé. Kí ló kù? Ohun mìíràn tún wà. Òfin 47 tí ìjọba ológun ṣe ní 1989 sọ pé wíwọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kì í ṣe dandan, ẹni tó bá wù ú ló lè ṣe é. Àwa tí a mọ ìgbà yẹn mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òfin náà ṣe, wọ́n fẹ́ dín agbára àwọn ọmọ náà kù ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo èdè rẹ̀: èèyàn lè yọ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ yọ tiyín nínú ìjọba.

Ẹnìkan sọ níbí pé níwọ̀n ìgbà tí wọ́n ti ń pe olórí wọn ní ààrẹ, ìjọba ti wà níbẹ̀ nìyẹn. Ní Ìbàdàn ńkọ́! Ààrẹ Látòósà ló ṣe olórí ìlú yìí títí ó fi kú sí ogun Kírìjì ní 1885, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ni, kò sì fi ọjọ́ kan jọba. Olórí ogun ni ààrẹ kó tó di ohun tí rédíò sọ ọ́ dà. Torí náà "ààrẹ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́" bá mi lára mu. Kódà, ó dára ju bí àwọn ọmọ náà ṣe rò lọ, torí ogun ni wọ́n máa ń sọ pé àwọn ń lọ jà fún wa nígbà tí wọ́n bá ń wá ìbò. (Oyè Ìbàdàn gidi ni kò jọ tiwọn. Lọ́dọ̀ àwọn àgbà, ìpele sí ìpele lèèyàn ń gùn láti orí Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agbolé, ó lè gba ogójì ọdún. Àwọn ọmọ yìí, ìbò ọjọ́ kan ti parí ẹ̀.)

Ó kan "ilé aṣòfin". Àwọn wo ló wà nínú ìgbìmọ̀ yẹn? Àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ yàn láti inú ilé gbígbé àti láti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe? Wọ́n ń yẹ ìwé ìnáwó wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, wọ́n ń pe akápò àti akọ̀wé wá kí wọ́n wá ṣàlàyé ara wọn, wọ́n sì ń ṣe ìlànà fún ẹgbẹ́. Ìlànà, ẹ gbọ́ o, kì í ṣe òfin. Nígbà tí mo jẹ́ aṣojú láyé tèmi, ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí a sọ láàárín ọdún kan dá lórí epo jẹnẹrétọ̀: jálá mélòó ló wọlé, mélòó ló jó, ta ló rí i nígbà tó ń jó. Iṣẹ́ aṣojú nìyẹn. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń gé kúrú sí SRC (Students' Representative Council) pàápàá, "aṣojú" ló wà nínú rẹ̀, kí ló dé tí a fi máa jù ú nù? "Ìgbìmọ̀ aṣojú akẹ́kọ̀ọ́" ni tèmi. Ẹ fi "abẹnugan" sílẹ̀ fún ẹni tó ń darí wọn, ìwé ìròyìn ti fi yé gbogbo ayé. "Hónórébù" tí wọ́n ń pe ara wọn, n kò ní bá wọn dù ú, àfi kó má wọ ìwé wa.

Kókó ọ̀rọ̀ mi rèé. Àbúrò pe ààrẹ, akọ̀wé, akápò, alukoro àti àwọn tó kù ní "ìgbìmọ̀ aláṣẹ". Aláṣẹ ni ẹni tó ni àṣẹ. Àwọn yìí kọ́ ló ni í. Àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ni í, ìyẹn nígbà tí gbogbo wọn bá pé jọ síbi tí wọ́n ń pè ní kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ fún ààrẹ pé ohun tó lọ bá Gíwá, olórí yunifásítì, sọ, àwọn kò rán an. Àbúrò túmọ̀ ìyẹn sí "ìpàdé gbogbogbòò", bí ẹni pé ìjókòó lásán ni. Mo dábàá "àgbájọ akẹ́kọ̀ọ́", kí ó jọ ọwọ́ tí a fi ń sọ̀yà. Àwọn tí wọ́n yàn sípò yẹn, iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n mú àṣẹ àgbájọ ṣẹ, nítorí náà mo pè wọ́n ní "ìgbìmọ̀ amáṣẹṣẹ". Mo mọ̀ pé ó le lẹ́nu díẹ̀. Ẹ pè é lẹ́ẹ̀mẹta, á rọ̀.

Ti "gbọ̀ngàn" kò gba àlàyé púpọ̀. Trenchard Hall ni gbọ̀ngàn, ibi tí wọ́n ti ń ṣe àpèjẹ àti àsọyé. Kuti Hall, Mellanby àti Queen Idia, ilé gbígbé ni wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì ló fi orúkọ kan pe méjèèjì, àwa kò jẹ wọ́n ní gbèsè kí a tẹ̀ lé wọn. Bí ẹ bá kọ "alága Gbọ̀ngàn Kuti", òǹkàwé á rò pé ẹni tó ń háyà àga ni.

"Ìdádúró" ní tirẹ̀ kéré fún iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un. Ní 1978, tí owó oúnjẹ ọjọ́ kan fò láti 50 kọ́bọ̀ sí náírà 1.50, tí akẹ́kọ̀ọ́ sì bọ́ sígboro káàkiri Nàìjíríà pé kí Ahmadu Ali tó jẹ́ kọmíṣọ́nnà ẹ̀kọ́ máa lọ, ìjọba ológun kò dá NUNS, ẹgbẹ́ àpapọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nígbà náà, dúró, wọ́n fòfin dè é ni. Kò dìde mọ́. NANS tó rọ́pò rẹ̀, 1980 ló bẹ̀rẹ̀. Ti Ìbàdàn ní 2017, "dá dúró" bá a mu, torí ẹgbẹ́ náà padà wá. Ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé àwọn amáṣẹṣẹ nìkan ni wọ́n tú ká, tí ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, tí wọ́n sì fi "ìgbìmọ̀ fìdíhẹ" síbẹ̀. Fìdíhẹ, ẹ gbọ́ bó ṣe dùn: ẹni tó jókòó sétí àga, tó ń wo ilẹ̀kùn. Fífòfin dè, dídá dúró, títú ká: ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni, ẹ má jẹ́ ká dà wọ́n pọ̀.

Ó wá ku "ìjàǹgbara", tí ẹ fẹ́ fi lé "alúta" kúrò. Ọ̀rọ̀ àwọn Pọtogí ni "alúta" ("ìjà náà") lóòótọ́, láti ẹnu àwọn tó jà fún òmìnira ní Mòsáḿbíìkì. Ṣùgbọ́n ilé yúníọ̀n Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ Kúnlé Adépéjú, akẹ́kọ̀ọ́ tí ọta ìbọn ọlọ́pàá pa lọ́jọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1971, iwájú ilé yẹn sì ni wọ́n ti ń pariwo "alúta!", tí àwọn tó kù ń dáhùn "kọ̀ntínúà!" Bí àbúrò bá rò pé "ìjàǹgbara" máa rí ẹni gbà á lẹ́nu níbẹ̀, kó lọ dúró lórí àtẹ̀gùn ilé náà lọ́jọ́ tí àgbájọ bá pé, kó pè é lẹ́ẹ̀kan, kó wá jíṣẹ́ fún wa.