Ṣé bí owó àwọn ọmọ-ọmọ wa ṣe kéré tó nìyí?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ ìṣirò, ẹ jọ̀ọ́. Wọ́n ní ìjọba Ìlú Ọba tó bá fẹ́ mọ odi tó ń dènà omi òkun, 3.5% ni wọ́n fi ń gé èrè ọjọ́ iwájú lọ́dọọdún kí wọ́n lè mọ iye tó tó lónìí. Mo bá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn tí wọ́n máa jẹ ní 100 ọdún sí i, bíi 32,000 ló kù lónìí! Àbí mo ṣì í tẹ̀ ni?

Ìyá Ìbejì: O ò ṣì í tẹ̀, àmọ́ kì í dúró sí 3.5% o. Tó bá ti kọjá 30 ọdún ó di 3%, tó bá kọjá 75 ó di 2.5%, torí náà tìẹ á tó bíi 50,000. Ó ṣì kéré ṣá.

Bàbá Oníṣirò: Ìjà àgbà lèyí. Nicholas Stern, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Ìlú Ọba, lo bíi 1.4% nínú ìwádìí rẹ̀ lórí ìyípadà ojú ọjọ́ lọ́dún 2006, mílíọ̀nù yẹn á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250,000. Ó ní torí pé wọn ò tíì bí èèyàn kọ́ ló yẹ kí tiẹ̀ kéré. William Nordhaus, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ará Amẹ́ríkà, ní rárá, èlé tí owó ń mú wá lọ́jà ni ká wò.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an sà. Èmi tí mò ń bínú sí fóònù mi látàárọ̀ 😂