Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe ọṣẹ, ṣé ẹ máa ń lo ọṣẹ ẹlẹgbẹ́ yín?

Ọlọ́ṣẹ_Adó:
Ẹ kú ojúmọ́ o gbogbo ilé. Adó-Èkìtì ni mo wà, ọṣẹ ni mò ń ṣe, èyí tí wọ́n ń fi kọ́sítíìkì àti òróró pò láìgbé e kaná, mo sì ń po ìpara òrí mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mo fẹ́ bi yín. Obìnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ yìí pa àwa méjèèjì pọ̀, mo fi ọṣẹ tèmi ránṣẹ́ sí i, òun náà wá fi tiẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, a kàn fẹ́ tọ́ iṣẹ́ ara wa wò ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń gbádùn nǹkan yìí débi pé ọṣẹ tèmi wà lórí pẹpẹ, mi ò tiẹ̀ ná ọwọ́ sí i mọ́.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ọ̀kan tó fi àdín àgbọn, epo pupa àti òrí ṣe, ó wá po èédú tí wọ́n lọ̀ kúnná mọ́ ìdajì ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wo ojú ibi tó ti gé e, dúdú yẹn àti pupa rúsúrúsú tí epo fi síbẹ̀ rọra wọnú ara wọn, wọn ò sì dàrú. Ó fi ọ̀bẹ fá etí ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó má baà máa gún èèyàn lọ́wọ́, nǹkan tí èmi ò rò ó rí láti ṣe sí tèmi. Bébà bráwùn ló fi wé e, ó fi ìko so ó, ó wá fi bírò kọ gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára, títí kan ọjọ́ tó dà á. Tí omi bá kàn án, ìfófó ẹ̀ kì í ṣe èyí tó máa ń ru gùdù lẹ́ẹ̀kan kó tún parẹ́, ó máa ń ki ni, á dúró lára kànìnkànìn títí tí mo fi máa wẹ̀ tán, òórùn ewé tíì tó fi sí i ò sì pọ̀ jù. Kí n ṣan ara tán báyìí, ara mi ò ní fà. Ọyẹ́ tó jà kọjá yìí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lápá ibí mọ bó ṣe rí, síbẹ̀ gìgísẹ̀ mi ò sán.

Ìpara òrí ẹ̀ ńkọ́? Kò sí hóró kankan nínú ẹ̀, bó bá ti kan ìka báyìí ló ń yọ́. Tèmi tí mo bá pò ó dáadáa lónìí, tó bá máa fi di ọ̀sẹ̀ méjì á ti di hóróhóró bíi gàrí Ìjẹ̀bú.

Ohun tó wá gbé mi wá síbí rèé. Kọ́sítọ́mà mi kan wá sílé, ó gbóòórùn ara mi, ó ní èwo nìyẹn nínú ọjà mi, òun máa rà á. Mo sọ fún un pé kì í ṣe tèmi, pé ti ẹnì kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni, ó ní kí n fún òun ní nọ́ńbà ẹ̀, mo sì bi onítọ̀hún, ó ní kò burú, mo bá fún un. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jókòó níbẹ̀ yarí mọ́ mi lọ́wọ́, ó ní mò ń fọwọ́ ara mi lé kọ́sítọ́mà dànù. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ṣé ẹ máa ń ra ti ẹlòmíì lò? Ṣé ẹ sì máa ń sọ ọ́ fáyé gbọ́?

Ìyá_Ìlawẹ̀:
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́, Ọlọ́run á bù sí i. Ọṣẹ dúdú lèmi ń sè, ọwọ́ ìyá mi ni mo ti bá a. Kò sí ọdún kan tí mi ò ní ra ti àwọn ẹgbẹ́ mi lò, tí mo bá lọ sọ́jà tí mo rí ọṣẹ ẹlòmíì, màá bù ú wò, màá gbóòórùn ẹ̀, tó bá dáa màá rà á lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí lè rò pé gbogbo ọṣẹ dúdú ọ̀kan náà ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Èèpo kòkó la máa ń sá kó gbẹ, a ó wá jó o títí á fi di eérú, a ó kó eérú náà sínú ìkòkò tí ìdí ẹ̀ lu, a ó máa bu omi sí i lórí, omi tó bá ro sísàlẹ̀ tó pọ́n tó sì korò, òun la ó gbé kaná pẹ̀lú àdín èkùrọ́. Ọ̀nà kan náà ni gbogbo wa ń gbà, ṣùgbọ́n tèmi ò jọ tìẹ. Ẹni tó jó èèpo kòkó nìkan, tiẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹni tó fi èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà kún un. Ẹni tó fi àdín nìkan sè é, tiẹ̀ máa ń hó ju ti ẹni tó da epo pupa pọ̀ mọ́ ọn. Ẹlòmíì ò sì ní sùúrù, kí omi eérú tó gbó ló ti gbé e kaná, ọṣẹ ẹ̀ á máa ṣomi.

Obìnrin kan wà lápá Ẹfọ̀n tí ọṣẹ ẹ̀ máa ń rọ̀ lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣomi, ó wù mí, mo rà á lò títí, nígbà tó yá mo bi í. Ó ní nígbà tí ọṣẹ bá ti ń léfòó, tí gbogbo wa ń sáré bù ú sínú igbá, òun máa ń fa igi jáde lábẹ́ ìkòkò ni, òun á jẹ́ kó máa hó wọ́ọ́wọ́ọ́ fún ìgbà díẹ̀ sí i, òun á sì máa rò ó. Mo lọ ṣe é bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń ra tèmi ló kọ́kọ́ sọ pé ọwọ́ mi ti yàtọ̀. Ọmọ tí ò dé oko bàbá ẹlòmíì rí ló ń sọ pé kò sóko tó tó ti bàbá òun. Má dá ẹ̀gbọ́n ẹ lóhùn, máa lo ọṣẹ obìnrin Ìkẹ́rẹ́ yẹn.

Kọ́lá_Pákéèjì:
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ má bínú, èmi fara mọ́ ẹ̀gbọ́n wọn díẹ̀. Pákéèjì lèmi ń ṣe fáwọn ọlọ́ṣẹ àtàwọn onípara ní Adó níbí, mo mọ bí ọjà ṣe rí. Ẹni tó ra kọ́sítíìkì, tó ra òróró lówó gọbọi, tó tún ń rówó dáta fi polówó, kó tún wá fọwọ́ ara ẹ̀ fa kọ́sítọ́mà lé ẹlòmíì lọ́wọ́? Ẹ lò ó nílé yín, ẹ gbádùn ẹ̀, ẹ pe onítọ̀hún kẹ́ ẹ yìn ín, àmọ́ ká máa fi nọ́ńbà ẹ̀ lé kọ́sítọ́mà lọ́wọ́, èmi ò rò pé ó yẹ.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé:
Kọ́lá, ẹ jẹ́ n sọ tèmi, èmi tí mò ń rà tí mi ò ń tà. Ọ̀kan nínú àwọn ìbejì mi, ara ẹ̀ gbẹ gan-an, nǹkan díẹ̀ báyìí á ti máa yún un, á họ ọ́ títí á fi bó. Gbogbo ọṣẹ olóòórùn ló ń bá a jà. Mo lọ bá ẹni tó ń tà fún mi, ó ní gbogbo tòun ló ní lọ́fíńdà, ó ní kí n lọ bá ẹnì kan báyìí, pé tiẹ̀ ò ní nǹkan kan ju òróró àti òrí lọ. Mo lọ, ó sì bá ọmọ mi lára mu. Ṣé ẹ rò pé mo fi ẹni àkọ́kọ́ yẹn sílẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni mo ṣì ti ń ra tèmi àti ti bàbá wọn, torí mo ti mọ̀ pé tó bá sọ pé nǹkan dáa, ó dáa nìyẹn. Ẹni tó lè ti kọ́sítọ́mà sọ́dọ̀ ẹlòmíì nítorí ara ọmọ ọlọ́mọ, kí lẹ tún fẹ́ kí n máa wá kiri?

Ohun tó tún jẹ́ kí n fẹ́ràn ọ̀rọ̀ obìnrin Ìkẹ́rẹ́ yẹn ni pé ó kọ ohun tó wà nínú ọṣẹ ẹ̀ sí i lára. Ìyẹn ṣe pàtàkì gan-an sí èmi o. Ìpara kún ọjà báyìí tí wọ́n á ní ewé àti egbò ni, wọ́n á kọ ọ̀gáńíìkì gàdàgbà sára ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi para fún ọ̀sẹ̀ kan kí ojú ti funfun, kí oríkèé ọwọ́ ṣì dúdú. Kí lewé tó ń ṣe bẹ́ẹ̀? NAFDAC ti fòfin de mẹ́kúrì nínú ìpara láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ àwọn kan ò ṣíwọ́. Ẹni tí ò bá lè sọ ohun tó wà nínú ìpara ẹ̀ fún mi, mi ò ní fi para, mi ò sì ní fi para fọ́mọ.

Oníwọn_Gíráámù:
Ẹ̀gbọ́n Ọlọ́ṣẹ_Adó, ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo máa ń ra ti ẹlòmíì lò dáadáa, mo sì máa ń sọ, yinni yinni kẹ́ni ó ṣèmíì. Ọ̀rọ̀ òrí tó ń ṣe hóróhóró yẹn ni mo fẹ́ dá yín lóhùn torí ó ti yọ mí lẹ́nu rí.

Ọ̀rá tó wà nínú òrí kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, àwọn kan máa ń tètè dì, àwọn kan máa ń pẹ́. Tẹ́ ẹ bá yọ́ ọ tẹ́ ẹ sì gbé e kalẹ̀ lórí tábìlì kó máa tutù fúnra ẹ̀, àwọn tó ń tètè dì á ti ṣù jọ kí àwọn yòókù tó dì, àwọn ló ń di hóró yẹn. Ẹ yọ́ ọ lórí omi gbígbóná títí tí kò ní ku èérún kan, kẹ́ ẹ wá mú un tutù kíákíá, ẹ gbé abọ́ ẹ̀ sínú omi yìnyín tàbí fíríìjì, tó bá ti ń dì létí abọ́ kẹ́ ẹ gbé e jáde kẹ́ ẹ fi míksà lù ú, kẹ́ ẹ tún dá a padà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tí obìnrin yẹn ń ṣe nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì máa pa á mọ́ síbi tó tutù, torí òrí tó yọ́ nínú ọkọ̀ láti Ṣakí tàbí Kwara wá dé ọ̀dọ̀ wa, tó tún dì fúnra ẹ̀ lọ́nà, á ti ní hóró kẹ́ ẹ tó rà á.

Ọṣẹ ẹ̀ tí kì í jẹ́ kára yín fà, mo fura pé àdín àgbọn inú ẹ̀ ò pọ̀ jù. Àgbọn máa ń hó dáadáa, àdín èkùrọ́ tiwa yìí náà bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí wọ́n bá pọ̀ jù wọ́n á gbọn gbogbo ọ̀rá ara èèyàn lọ. Ọ̀pọ̀ wa kì í jẹ́ kó kọjá nǹkan bí 30 nínú 100, a ó sì din kọ́sítíìkì kù ní nǹkan bí 5 nínú 100 kí òróró díẹ̀ lè ṣẹ́ kù sára. Kó tún tó gbẹ dáadáa, ọ̀sẹ̀ 4 sí 6. Ọjọ́ tó kọ sára bébà yẹn, ẹ wò ó, ó ṣeé ṣe kó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka èyí tẹ́ ẹ máa fẹ́ lọ ṣe irú ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má kàn pààrọ̀ òróró o. Kílò 1 àdín àgbọn máa ń gba kọ́sítíìkì tó tó gíráámù 183, epo pupa bíi 141, òrí bíi 128. Tẹ́ ẹ bá yọ àgbọn tẹ́ ẹ fi òrí rọ́pò ẹ̀ láìtún ìṣirò ṣe, kọ́sítíìkì á ṣẹ́ kù, á sì máa ta èèyàn lára. Kọ́sítíìkì lẹ ó máa dà sínú omi, ẹ ò gbọ́dọ̀ da omi sórí kọ́sítíìkì láéláé, á ru á sì ta sí yín lójú.

Adúmáadán:
Ẹ bá mi bi ẹni Ìkẹ́rẹ́ yẹn bóyá ó ń gbé ọjà wá sí Adó. Ẹ̀ka tí mò ń kàwé ò jìnnà sí títì, mo lè wá gbà á. Èédú yẹn ni mo fẹ́, irorẹ́ ẹ̀yìn mi ń yọ mí lẹ́nu.

Ọlọ́ṣẹ_Adó:
Ẹ ṣeun gan-an ni o. Adúmáadán, mo ti bi í, ó ní òun máa ń wá sí Adó lọ́jọ́ ọjà, màá kọ nọ́ńbà ẹ̀ sí ẹ lábẹ́lẹ̀. Èédú ò ní kí irorẹ́ tán pátá o, ọṣẹ lásán ni, ó kàn máa ń fọ ọ̀rá kúrò lára dáadáa ni, tí nǹkan náà bá pọ̀ kí o lọ rí dókítà.

Oníwọn, ẹ ṣé, mo wo bébà yẹn lóòótọ́, ó lé ní oṣù méjì tó ti dà á kó tó fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi tí mo máa ń tà ní ọ̀sẹ̀ 4 péré, mo máa jẹ́ kí tèmi pẹ́ sí i báyìí. Òrí mi wà nínú abọ́, wọ́n ò tíì mú iná wá, màá ra yìnyín lọ́wọ́ oníkúlú lójú títì.

Kọ́lá, mo gbọ́ tiyín, ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Àmọ́ kọ́sítọ́mà tó gba nọ́ńbà yẹn tún padà wá ra ọṣẹ oyin lọ́wọ́ mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, obìnrin Ìkẹ́rẹ́ ò ṣe ọṣẹ oyin, èmi ni mò ń ṣe é. Òun náà ti ń ti èèyàn sọ́dọ̀ mi torí ẹ̀.

Kọ́lá_Pákéèjì:
Ó dáa bẹ́ẹ̀, inú mi dùn sí i. Èmi ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi fáwọn tí kò mọ ara wọn rí. Àmọ́ ẹ bá mi bi í bóyá ó fẹ́ kí wọ́n tẹ orúkọ sára bébà bráwùn yẹn fún un, fífi bírò kọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan á pẹ́ jù tí ọjà bá ti ń yá.

Ìyá_Ìlawẹ̀:
Ọmọ mi Ọlọ́ṣẹ_Adó, Ìlawẹ̀ ò jìnnà sí yín. Lọ́jọ́ tó bá rọ̀ ẹ́ lọ́rùn, mú ọ̀kan nínú ọṣẹ eléèédú yẹn àti ọ̀kan nínú ti oyin rẹ dání, èmi náà fẹ́ fi wẹ̀. Màá ti di ọṣẹ dúdú sílẹ̀ fún ẹ àti fún obìnrin Ìkẹ́rẹ́ yẹn, inú nylon ni kẹ́ ẹ máa dè é sí kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí i, tí atẹ́gùn bá ti fẹ́ sí i á máa fa omi mọ́ra á sì máa ṣomi lórí.