Ẹ̀rọ ìlọkà wo ló yẹ ẹni tó ń pọn bíà nílé?

Apọntí Manchester:
Ẹ kú déédéé ìwòyí, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Ó ti lé ní ọdún méjì tí mo ti ń pọn bíà nínú ilé ìdáná mi, lítà 20 lẹ́ẹ̀kan, ọkà báálì tí ẹni tó ń tà á ti bá mi lọ̀ ni mo sì máa ń rà. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọkà tí a ti lọ̀ kì í pẹ́ kí òórùn rẹ̀ tó ṣá, bẹ́ẹ̀ odidi ọkà lè wà fún ọ̀pọ̀ oṣù bí ibi tí a kó o sí bá gbẹ. Ṣé kí n ra ẹ̀rọ tí a ń fi ọwọ́ yí, irú èyí tí àwọn ìyá wa fi ń lọ ẹ̀wà àkàrà, àbí èyí tó ní rólà irin méjì, tó wọ́n jù ú lọ dáadáa?

Bàbá Ìkòkò:
Àbúrò mi, èèpo ni kí o kọ́kọ́ rò kí o tó ro owó. Nígbà tí a bá fi omi gbígbóná po ọkà báálì tán, èèpo rẹ̀ ni yóò di asẹ́ tí omi dídùn inú rẹ̀ yóò gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ti lọ èèpo náà kúnná bí èlùbọ́, gbogbo rẹ̀ á dì bí àmàlà, omi kò ní rọ́nà gbà mọ́, ìkorò sì lè wọ inú ọtí. Rólà máa ń tẹ ọkà ni, kì í gé e: inú á fọ́ sí wẹ́wẹ́, èèpo á ṣí kúrò láìya púpọ̀. Àwo irin méjì inú ẹ̀rọ alọ́wọ́yí máa ń ya èèpo jù bẹ́ẹ̀ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó bá ní sùúrù láti dẹ̀ wọ́n díẹ̀ lè fi pọn ọtí tó dára. Èmi alára lò ó pẹ́.

Má ṣe ra rólà tí àlàfo àárín rẹ̀ kò ṣeé yí padà. Fún báálì, nǹkan bíi mílímítà kan ni mo ń lò. Káàdì báǹkì, tó nípọn tó mílímítà 0.76, kò gbọdọ̀ há níbẹ̀. Àlìkámà kéré ju báálì lọ, ó sì le, nítorí náà mo máa ń dín àlàfo náà kù fún un. Bu ẹ̀kúnwọ́ kan ohun tí o lọ̀ sórí àwo funfun: bí o bá rí odidi hóró, àlàfo ti fẹ̀ jù, bí ìyẹ̀fun ló bá pọ̀ jù lọ, ó ti há jù.

Ẹlẹ́nu Àwo:
Bí inú àpò aṣọ bá ni ẹ ń rẹ ọkà sí, ó lè kúnná díẹ̀ sí i, nítorí aṣọ ni asẹ́ yín. Ẹ má sì fi omi fọ rólà o, búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni.

Ọmọ Ọlọ́tí Ìbàdàn:
Ọkà bàbà ni èmi ń lò, ọ̀rọ̀ náà kò sì rí bákan náà lọ́dọ̀ wa. Ọkà bàbà kò ní èèpo tó lè ṣe asẹ́. Nígbà tí ìjọba fòfin de kíkó báálì tí a ti mú hù wọ Nàìjíríà ní 1988, tí àwọn ilé iṣẹ́ ọlọ́tí yíjú sí ọkà bàbà, ara ìṣòro tí wọ́n ní láti yanjú nìyẹn. Nítorí náà ẹ̀rọ alọ́wọ́yí tí ẹ ń sá fún yẹn ni mo rà, aṣọ ni mo sì fi ń sẹ́ ọtí bí ẹni ń sẹ́ ògì. Kí n tó rà á, ọ̀dọ̀ alọta kan lọ́jà ni mo gbé kílò mẹ́ta lọ. Ó fọ ẹ̀rọ rẹ̀ lójú mi, síbẹ̀ ata rodo ń ta wá lọ́fun títí a fi mu ọtí náà dé ìsàlẹ̀ ife.

Apọntí Manchester:
Ẹ ṣeun gan-an. Garawa tó ní asẹ́ nísàlẹ̀ ni mo ń lò, kì í ṣe àpò, nítorí náà rólà ni n ó rà. Ẹ̀gbọ́n, ṣé mo lè so díríìlì mọ́ ọn? Kílò márùn-ún kì í ṣe eré ọwọ́.

Bàbá Ìkòkò:
O lè so ó mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kí ó má yí ju ìgbà 200 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nítorí eré àsápajúdé máa ń ya èèpo. Ẹ̀kúnwọ́ ọkà mélòó kan tó bá kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá, dà á nù. Òróró máa ń wà lára irin tuntun.