Ìwé tí káńsù ń dá padà ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́: níbo ló ti ń há?

Akọ̀wé, Kínníra

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Bí ìròyìn bá ti jáde pé owó ìrànwọ́ dé, tàbí pé ìjọba ń gba fọ́ọ̀mù ilẹ̀ àti ilé, ohun tí àwọn èèyàn wa kọ́kọ́ ń bèèrè ni pé, "Ta lẹ mọ̀ níbẹ̀?" Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìwé tó ń há pọ̀ tí kì í ṣe àìmọ èèyàn ló há a. Káńsù tí kì í ṣe tirẹ̀ ni wọ́n gbé e lọ, tàbí kí orúkọ tó wà nínú rẹ̀ má bára mu.

Kínníra ni ọ́fíìsì Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Arówómọ́lẹ̀ ni ti Gúúsù. Ìyẹn ò le. Ẹ̀yìn ìlú ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tó kọ́lé sí apá Gámbàrí, lọ́nà Ìlọrin, Sùúrùlérè ló wà, Ìrẹsà-Adú sì ni káńsù rẹ̀. Ẹni tó wà ní Ìkòyí-Ilé, Oríire ni. Ọ̀yọ́ náà ò gbẹ́yìn. Èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn láti Awẹ́ wọ Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Afijió ni Awẹ́, kì í ṣe Ọ̀yọ́ Ìlà-Oòrùn. Fọ́ọ̀mù tó bá gba Kòsọ́bọ́, ọ́fíìsì Ọ̀yọ́ Ìlà-Oòrùn, wọlé lórúkọ ará Awẹ́, wọn yóò dá a padà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ẹ̀rí ọmọ ìlú. Káńsù tí ilé bàbá yín wà ni wọ́n ti ń gbà á, kì í ṣe ibi tí ẹ ń gbé báyìí. Ẹ kọ́kọ́ gba lẹ́tà lọ́wọ́ baálé tàbí mọ́gàjí, kẹ́ ẹ mú fọ́tò àti NIN dání, kẹ́ ẹ sì rí i pé bí orúkọ ṣe wà nínú NIN ni wọ́n kọ ọ́ sínú lẹ́tà. Bí baálé bá kọ "Àlàbí ọmọ Bàbá Alágbẹ̀dẹ", ẹ rọra bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un kọ.

Ẹ tún jẹ́ ká mọ iṣẹ́ káńsù. Òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999 fi ọjà, gáréèjì, ibi ìpẹran, ibi ìsìnkú, nọ́ńbà ilé, orúkọ àdúgbò àti owó orí ilé sí ìkáwọ́ wọn. C of O (ìwé àṣẹ gómìnà lórí ilẹ̀) ti ilẹ̀ àárín ìlú kò sí níbẹ̀. Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ wá san owó C of O ní Kínníra, ẹ bi í pé C of O èwo.

Sọ́féyọ̀, Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́

Akọ̀wé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ẹ fo apá kan. Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 fún káńsù láyè láti fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ ìbílẹ̀ lórí ilẹ̀ tí wọn ò kà mọ́ ti ìlú ńlá. Fún oko, kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ, fún ìjẹko ẹran, 5,000, àfi bí gómìnà bá fọwọ́ sí i. Nítorí náà, àgbẹ̀ Oríire rí nǹkan gbà ní káńsù. Ẹni tó ra pulọ́ọ̀tì ní Under G, nínú ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, sẹkitéríàtì Àgódì ní Ìbàdàn ni ìwé tirẹ̀ ń lọ.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó ń bà mí nínú jẹ́. Wọn á sanwó fún ọmọ onílẹ̀, wọn á mọ fẹ́ǹsì, wọn á gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe sọ́féyọ̀. Ẹ̀yìn ló wà níwájú yẹn! Kí ẹ tó san gbogbo owó, sọ́féyọ̀ ní láti gbé ẹ̀rọ dé orí ilẹ̀, kó gba nọ́ńbà ibi tí igun kọ̀ọ̀kan wà, kó sì lọ fi wé máàpù tó wà lọ́dọ̀ Sọ́féyọ̀ Àgbà ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ la ti ń mọ̀ bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà láti ọjọ́ pípẹ́. Bó bá ti wà nínú ilẹ̀ ìjọba, ìwé ẹbí, ìbúra kóòtù, fọ́tò ọjọ́ tí ẹ bu ọtí sílẹ̀, kò sí èyí tó máa yọ yín.

Pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 jẹ́ mítà 15.24 sí 30.48, ìyẹn bíi mítà onígun mẹ́rin 464. Èyí tó jẹ́ 60 sí 120 sún mọ́ 669. Bí ẹ bá sanwó 464 tí pláànù wá gbé 410 jáde, ó lè jẹ́ pé wọ́n ti gé ọ̀nà kúrò nínú rẹ̀, ẹ bèèrè kí owó tó pé. Ẹ tún wo òpó sìmẹ́ńtì kéékèèké tí wọ́n rì sí igun ilẹ̀. Nọ́ńbà orí rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá tinú ìwé mu. Kí ẹ sì bèèrè bóyá sọ́féyọ̀ ti fi ẹ̀dà sọ́dọ̀ Sọ́féyọ̀ Àgbà. Pláànù tí kò dé ibẹ̀, àwòrán lásán ni.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀bá títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: títì ìjọba àpapọ̀ ni. Láti àárín rẹ̀, mítà 45.72 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìjọba ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra rẹ, ẹ̀rù á bà ọ́.

Àti pé, ẹni tó ra ilé tó ti ní C of O, C of O yẹn kò di tirẹ̀ lójú òfin títí gómìnà yóò fi fọwọ́ sí títà náà. Wọ́n máa ń gbàgbé èyí títí ọ̀rọ̀ yíyá owó ní bánkì á fi dé.

Ẹgbẹ́ ọlọ́jà, Tákìẹ̀

Ti ilẹ̀ ti yé wa. Ti owó ìrànwọ́ ńkọ́? Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ ń fún àwọn oníṣòwò kéékèèké ní ₦50,000 lọ́dún 2024, àwọn ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ há. NIN gbé orúkọ ọkọ, BVN gbé orúkọ bàbá, nígbà tí àkáǹtì gbé orúkọ kẹta. Kọ̀ǹpútà ò mọ ìyá ẹnìkan. Ìbúra kóòtù nìkan kò tó, àyàfi bí ẹ bá tún orúkọ ṣe nínú NIN tàbí ní bánkì kí méjèèjì tó di ọ̀kan.

Kí fọ́ọ̀mù tó dé ni kẹ́ ẹ ṣe àyẹ̀wò. Lórí láìnì tí ẹ fi ṣe é, ẹ tẹ *346# fún NIN, *565*0# fún BVN. ₦20 ni wọ́n ń yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà 11 ni méjèèjì, ti àkáǹtì jẹ́ 10. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ìbí ló ṣì, ẹ múra owó: láti ọdún 2025, títún ọjọ́ ìbí ṣe nínú NIN di ₦28,574, nígbà tí orúkọ jẹ́ ₦2,000. Èyí ni mo fi ń sọ fún àwọn tó bá ń forúkọ sílẹ̀ lónìí pé kí wọ́n má ṣe fi ọjọ́ ìbí "ìgbà tí wọ́n jọba" kún un.

Àkáǹtì tí wọn ò fi owó ṣe nǹkan kan fún ọdún kan, bánkì á kà á sí èyí tó ti sùn. Èyí tí wọ́n ṣí lórí fóònù láìmú ìwé dání kì í gba ju ₦50,000 lọ lẹ́ẹ̀kan. Kí àkáǹtì yín má bàa sùn, ẹ máa fi ₦500 sínú rẹ̀, kẹ́ ẹ sì máa yọ díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ kì í ní owó. Ẹni tó bá bèèrè PIN tàbí nọ́ńbà tí bánkì fi ránṣẹ́ sí fóònù yín, olè ni, kódà bí ó bá ń pè yín ní "Ìyá wa".

Akọ̀wé làńdílọ́ọ̀dù, Ọ̀yọ́

Ẹ ò tíì dé orí iṣẹ́ àdúgbò. Lábẹ́ ìlànà CSDP, ètò ìrànwọ́ fún iṣẹ́ àdúgbò tó parí lọ́dún 2021, àdúgbò ló máa ń kọ ohun tó ń fẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ó sì máa ń mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún wá. Iṣẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, ₦500,000 ni ti àdúgbò. Yanrìn, òkúta àti iṣẹ́ ọwọ́ máa ń wà lára rẹ̀ bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí ẹni tó ṣe é sì fọwọ́ sí i. Àdúgbò tí kò ní ìwé yìí máa ń san ìdá náà lẹ́ẹ̀mejì.

Kànga ẹ̀rọ ni wọ́n sábà ń yàn, ibẹ̀ náà sì ni àṣìṣe pọ̀ sí. Orí àpáta ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ jókòó lé. Omi wà nínú ilẹ̀ rírọ̀ tó bo àpáta àti nínú ibi tí àpáta ti sán, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ yẹ ilẹ̀ wò ṣáájú. Ibi tí Baálẹ̀ nawọ́ sí kì í ṣe àyẹ̀wò, kí ẹ má bínú. Ẹni tó bá gbẹ́ ẹ nínú òjò yóò yọ̀, yóò sì sunkún ní oṣù Kejì ọdún. Ẹ wọn omi rẹ̀ nínú ẹ̀ẹ̀rùn: bí kẹ́ẹ̀gì lítà 20 bá kún ní ìṣẹ́jú àáyá 20, lítà kan ń jáde ní ìṣẹ́jú àáyá kan, táńkì lítà 2,000 yóò sì gba bí ìṣẹ́jú 33. Táńkì yẹn tó bá kún, tọ́ọ̀nù méjì ni. Ẹ má fi irin wẹ́ẹ́rẹ́ gbé e.

Ilẹ̀ tí ẹ gbẹ́ ẹ sí gbọ́dọ̀ ní ìwé ìfitọrẹ, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí mìíràn fọwọ́ sí i, kí ìwọ̀n ilẹ̀ sì wà nínú rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ẹnìkan ṣoṣo ló fọwọ́ sí i, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni ọmọ á gbé kọ́kọ́rọ́ lọ.

Akọ̀wé, Kínníra

Ẹ ṣeun. Sọ́féyọ̀, mo gba àtúnṣe yín lórí Oríire. Ìbéèrè kan ló kù, èmi ni wọ́n máa ń bi: ṣé ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, pé kí owó káńsù máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn, ti yí fọ́ọ̀mù padà? Rárá o. Orísun owó ni ìdájọ́ náà kàn. Lẹ́tà mọ́gàjí ṣì ni lẹ́tà mọ́gàjí, rìsíìtì bánkì sì ṣì ni kẹ́ ẹ gbà, kì í ṣe bébà tí wọ́n fi báírò kọ. Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ méjì, nítorí ọ̀kan yóò sọnù ní ọ́fíìsì.