Jẹ̀díjẹ̀dí fẹ́ pa mí ní Manchester o, ẹ gbà mí

Dẹ́rẹ́bà Manchester: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ ìdí ni mo gbé wá. Ẹ̀jẹ̀ pupa fòò ni mo rí lórí tíṣù láàárọ̀ yìí. Nǹkan kan tún yọ síta, àfìgbà tí mo fọwọ́ tì í padà. Ṣé kí n sáré lọ ẹ̀ka pàjáwìrì ilé ìwòsàn, A&E ni? Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ wà lọ́la látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ṣé mo lè jókòó bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Ṣúgà ni! Ẹnìkan ń bọ̀ láti Ìbàdàn ní Sátidé, á bá ọ gbé agbo jẹ̀dí wá.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣúgà kọ́. Ìgbẹ́ líle ni, àti fóònù tí a ń tẹ̀ tí a fi ń jókòó pẹ́ nínú tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n, tó bá ń ṣẹ̀jẹ̀ lásán, tàbí tó ń yọ tó ń dá padà wọlé fúnra ẹ̀, omi, ẹ̀fọ́ àti jíjókòó sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sábà máa ń tó o. Ìpara kẹ́míìsì tó bá ní steroid (oògùn tó ń mú wíwú lọlẹ̀), ẹ má lò ó kọjá ọjọ́ 7. Èyí tí ẹ fọwọ́ tì yẹn ti dé ipele 3 nínú 4: rọ́bà tín-ń-tín ni wọ́n sábà fi ń so ó nídìí, ẹ̀jẹ̀ ò ní débẹ̀ mọ́, á gbẹ, á já bọ́. Èyí tó kọ̀ tí ò wọlé mọ́ ló sábà ń di iṣẹ́ abẹ. A&E wà fún ẹ̀jẹ̀ tó ń dà tí ò dá, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ yín.

Bàbá Houston: Ẹ gbọ́ ti nọ́ọ̀sì. Èmi mu agbo ọlọ́tí lórí warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹ̀jẹ̀ kọ̀, kò dá. Owó tí mo san nílé ìwòsàn tó ra Corolla.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Ọtí ló ṣe yín, agbo kọ́! Olómi ni tèmi.

Bàbá Houston: Ta ló mọ ohun tó wà nínú ìgò, Ìyá Ìbejì?

Ìyá Ìbejì, Peckham: Bàbá mi mu ún dọjọ́ ogbó.

Nọ́ọ̀sì Leeds: Agbo kàn ń mú ìgbẹ́ rọ̀ ni, ẹ wá rò pé jẹ̀dí ti lọ. Jẹjẹrẹ ìfun náà ń ṣẹ̀jẹ̀ o! Ẹ ní kí GP, dókítà àdúgbò yín, yẹ̀ yín wò, kí wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ wò.

Ọmọ Ọ̀yọ́, Woolwich: Òtútù Manchester ló lé ìdí jáde 😂

Salford Boy: Owó ilé London nìkan tó fún èèyàn ní jẹ̀dí!

Bàbá Houston: Ẹ máa bọ̀ ní Houston, oòrùn wà, ilá tútù wà.

Ìyá Ìbejì, Peckham: Háà, ilá! Ilá àsèpọ̀ ìyá mi ní Ìṣẹ́yìn, pẹ̀lú irú wooro. Tibí ti gbó kó tó wọ bàálù.

Salford Boy: Ẹ wá sí Cheetham Hill ní Manchester níbí, ẹ ó rí ilá tó ń ṣẹ́ pọ́kán.

Dẹ́rẹ́bà Manchester: Ẹ ṣeun, mo ti pe GP. Bọ́ọ̀sì ọ̀la wá ńkọ́?

Ọmọ Ọ̀yọ́, Woolwich: Cheetham Hill kẹ̀? Ṣé ẹ ti dé Rye Lane ní Peckham rí?