Gram positive àti negative ń dàrú mọ́ mi lójú o

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ káalẹ́ o. Bakitéríà ni wọ́n fún mi nínú ìdíje sáyẹ́ǹsì, mo ń kàwé títí ilẹ̀ fi ń mọ́ àmọ́ Gram positive àti negative ò yé mi, ẹ jọ̀ọ́.

Tíṣà Ọ̀mù-Àrán: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Oríṣi bakitéríà méjì ni wọ́n, àwọ̀ tí wọ́n fi ń kùn wọ́n la fi ń dá wọn mọ̀. Ògiri ara positive nípọn ló ṣe ń di àwọ̀ pọ́pù mú, ti negative fẹ́lẹ́, ọtí tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ á ṣí pọ́pù kúrò, wọ́n á wá fi àwọ̀ pupa kùn ún, á sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́. Má há a sórí, yà á sínú ìwé.

Àbẹ̀kẹ́ Tánkè: Lọ wo irú ní kíṣìnnì. Nǹkan tó ń yọ̀ lára ẹ̀ yẹn, tó ń fà bí ilá tó o bá fìka kàn án, iṣẹ́ bakitéríà tó ń jẹ́ Bacillus subtilis ni, positive ni. Mi ò gbàgbé ẹ̀ mọ́ látìgbà yẹn.

Ọmọ Ọ̀fà: Ẹ ṣé gan-an mà! Màmá àgbà ń ṣe irú lọ́wọ́ báyìí, mo ti mú bírò.